Ṣé òòfà ayé fẹ́ yí bìrí lóòótọ́? Ẹ bi àpáàdì àti àpáta léèrè

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ESA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfuurufú nílẹ̀ Yúróòpù, gbé ohun tí àwọn sátẹ́láìtì mẹ́ta rẹ̀ tó ń jẹ́ Swarm ti rí láàárín ọdún mọ́kànlá síta. Agbègbè kan wà lórí òkun Àtìláńtíìkì níhà gúúsù, láti Gúúsù Amẹ́ríkà títí dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí òòfà ayé kò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Wọ́n ní láti ọdún 2014 ni agbègbè náà ti ń gbòòrò sí i, àti pé ohun tó ti fi kún ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ilẹ̀ Yúróòpù. Irú ìròyìn báyìí kì í jáde kí àwọn kan má sọ pé ó ti parí nìyẹn: òòfà ayé ń kú lọ, àríwá fẹ́ di gúúsù, ká yáa máa palẹ̀ mọ́.

Èmi ò rò pé ó yẹ kí àyà wa já tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ kò sì sí lójú òfuurufú rárá. Inú ilẹ̀ ló wà: nínú àpáàdì, nínú bíríkì, nínú ìdàrọ́, àti nínú òkúta tí òkè oníná pọ̀ jáde láti àìmọye ọdún.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Òòfà yìí ni èyí tó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, kì í ṣe agbára tó ń fa ohun tí a jù sókè padà wálẹ̀. Bí ènìyàn bá lè gbẹ́ ilẹ̀ wọlé tó nǹkan bí 2,900 kìlómítà, irin tó ti yọ́ ló máa bá níbẹ̀, tó ń ru gùdù nítorí ooru tó ń wá ọ̀nà jáde, tí yíyí tí ayé ń yí sì ń lọ́ ọ bó ṣe ń ṣàn. Ṣíṣàn irin yìí ló ń bí iná mànàmáná, iná mànàmáná náà ló sì ń bí òòfà. Ohun tó bá sì ti orísun tí kì í dúró sójú kan wá, òun náà kò lè dúró sójú kan.

Iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa kò kéré. Oòrùn ń tú àwọn èérún oníná sí wa lójoojúmọ́, òòfà ayé ló sì ń darí púpọ̀ nínú wọn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Níbi tó bá ti rọ̀, bíi ti gúúsù Àtìláńtíìkì yẹn, àwọn èérún náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, wọ́n á sì máa da ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì láàmú. Awò awọ̀nàjíjìn Hubble kì í ya àwòrán nígbà tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó wà nílẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀ ní tirẹ̀ kò ní mọ ohunkóhun lára, torí afẹ́fẹ́ tó bo ayé nípọn tó láti gbà á sílẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wa kò tíì tó 200 ọdún

Lọ́dún 1600 ni William Gilbert, oníṣègùn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé ayé fúnra rẹ̀ ni òòfà ńlá tó ń darí kọ́ńpáàsì. Ó gbà pé níbikíbi tí ènìyàn bá dúró sí, ibi tí abẹ́rẹ́ kọjú sí níbẹ̀ kò lè yẹ̀ láé. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi já. Ní 1634, Henry Gellibrand wọn ìyàtọ̀ tó wà láàárín àríwá tòótọ́ àti ibi tí abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ó fi wé èyí tí wọ́n ti wọ̀n níbẹ̀ ní 1580, ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ ti sún tó nǹkan bíi dígírì 7.

Ibi tí abẹ́rẹ́ kọjú sí nìkan nìyẹn o. Bí òòfà náà ṣe lágbára tó, ọdún 1832 ni Carl Friedrich Gauss ará Jámánì tó rí ọ̀nà tí a lè gbà wọ̀n ọ́n dáadáa. Láti ìgbà náà wá, agbára rẹ̀ káàkiri ayé ti dín ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ẹni tó bá fa ìlà tààrà láti ibẹ̀ lọ síwájú yóò sọ pé ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sí i, òòfà á tán pátápátá. Ibẹ̀ ni ìpayà ti ń wá. Ta ló wá sọ pé ìlà tààrà ni?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Sátẹ́láìtì láṣọ lóòótọ́, Swarm ń wọn òòfà lójoojúmọ́ lọ́nà tí Gauss kò lè lá lálàá. Àkísà ni kò ní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú dídín yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, àti ohun tó tẹ̀lé e, ọ̀dọ̀ amọ̀ sísun àti òkúta ló máa lọ.

Ohun tí iná ń kọ sínú amọ̀

Amọ̀ àti ọ̀pọ̀ òkúta ní wóró irin nínú, tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Méjì ló wọ́pọ̀ jù: magnetite, irú dúdú tí òòfà máa ń gbé jáde nínú iyanrìn, àti hematite, èyí tó ń jẹ́ kí amọ̀ pupa. Bí iná bá gbóná kọjá nǹkan bíi dígírì 580 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òòfà tó wà lára magnetite á pòórá. Ti hematite á dúró di nǹkan bíi 675. Bí ohun náà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, àwọn wóró yẹn á gba òòfà tuntun. Wọ́n á kọjú síbi tí òòfà ayé kọjú sí lọ́jọ́ náà, bí òòfà ayé bá sì ṣe lágbára tó lọ́jọ́ náà ni tiwọn náà ṣe máa pọ̀ tó. Nígbà tó bá fi máa tutù tán, ó ti di títì pa. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, nínú òkúta kódà fún bílíọ̀nù ọdún, àfi bí iná mìíràn bá tún jó o tàbí tí àrá bá sán lù ú.

Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí wọ́n mọ ìkòkò kọ́ ló wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe ọjọ́ tó tutù kẹ́yìn. Ìkòkò tó ti pẹ́ nínú ilé kí ilé tó jó, bí iná ilé náà bá gbóná tó, ọjọ́ tí ilé jó ló máa sọ. Inú àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń dùn sí èyí, torí ọjọ́ tí ìlú jó ni wọ́n sábà ń wá.

Ibi tí òòfà kọjú sí kò ṣe é mọ̀ àyàfi tí nǹkan náà kò bá tíì kúrò níbi tó ti tutù: ààrò, ìléru, ilẹ̀ ilé tó jó, àpáta. Ìkòkò tí wọ́n gbé kúrò lórí iná, tí wọ́n gbé lọ sọ́jà, tó fọ́ tó di ti ààtàn, kò lè sọ ibi tí àríwá wà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Agbára òòfà ní tirẹ̀ kò bìkítà nípa ibi tí a gbé nǹkan náà lọ. Àpáàdì kékeré kan ti tó.

Tọkọtaya kan nílẹ̀ Faransé, Émile àti Odette Thellier, ló fi ọ̀nà tí a lè gbà ka agbára yìí lélẹ̀, nínú ìwé ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1959. Títí di òní, ọ̀nà wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé. Ó rọrùn láti sọ, ó nira láti ṣe. Wọ́n á gé èérún kan lára àpáàdì, wọ́n á gbé e sínú ààrò kan tí wọ́n ti dí mọ́ òòfà ayé. Wọ́n á mú un gbóná dé dígírì 100, wọ́n á jẹ́ kó tutù níbi tí kò ti sí òòfà kankan, wọ́n á wá wọn ohun tó ti sọ nù lára rẹ̀. Wọ́n á tún mú un gbóná dé 100 kan náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí òòfà tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀ bó ṣe ń tutù, wọ́n á sì wọn ohun tó jèrè. Ó di 150, ó di 200, títí yóò fi dé ibi tí òòfà àtijọ́ á tán lára rẹ̀. Bí ohun tó ń pàdánù bá jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó ń jèrè ní ìpele kọ̀ọ̀kan, tí òòfà inú ààrò sì jẹ́ 40 microtesla (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára òòfà), a jẹ́ pé 80 ni ti ayé lọ́jọ́ tí amọ̀ náà tutù.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbígbóná yìí lè sọ irin inú àpáàdì di irú irin mìíràn, kí ìṣirò sì dàrú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń padà sí ìpele tí wọ́n ti kọjá, láti wò ó bóyá ohun tí wọ́n rí níṣàájú ni wọ́n ṣì máa rí. Bí kò bá bára mu, wọ́n á da àpáàdì náà nù. Bí ó ṣe tutù náà tún wà níbẹ̀: ààrò ayé àtijọ́ máa ń pẹ́ kó tó tutù ju ti inú láàbù lọ, ohun tó bá sì rọra tutù máa ń gba òòfà jù. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọwọ́ amọ̀kòkò pàápàá wà nínú ìṣirò. Bí ó ṣe ń fa amọ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ fẹ̀, àwọn wóró irin á dùbúlẹ̀ síhà kan ju òmíràn lọ, wọ́n á sì máa gba òòfà síhà náà jù. Àwọn onímọ̀ ní láti wọn èyí náà kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Àwọn ọba tó fi orúkọ síbẹ̀

Àpáàdì tó sọ agbára òòfà kò wúlò púpọ̀ bí a kò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ní Mẹsopotámíà, ìyẹn ilẹ̀ Ìráàkì òde òní, àwọn ọba máa ń ní kí wọ́n tẹ orúkọ wọn sára bíríkì kí wọ́n tó sun ún. Ní 2023, Matthew Howland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lórí 32 irú bíríkì bẹ́ẹ̀ jáde, orúkọ ọba 12 ló wà lára wọn. Márùn-ún jẹ́ ti Nebukadinésárì Kejì, tó jọba ní Bábílónì láti 604 sí 562 ṣáájú ìbí Kristi. Ohun tí bíríkì márùn-ún yẹn sọ ni pé òòfà ayé yí padà kánkán láàárín ìgbà tí ọba kan ṣoṣo wà lórí ìtẹ́.

Ọdún 2017 ni Erez Ben-Yosef àti àwọn mìíràn ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìkòkò ńlá láti ilẹ̀ Júdà, èyí tí òǹtẹ̀ ìjọba wà lára rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà ń yí padà bí ìjọba bá yí, torí náà a mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Níbẹ̀, ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Kristi, òòfà ga sókè gan-an, lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ fi wé ìdá 9 nínú 100 tí àwa fi nǹkan bí 200 ọdún pàdánù. Òótọ́ ni pé ti gbogbo ayé ni tiwa, tiwọn sì jẹ́ ti agbègbè kan; síbẹ̀, ẹni tó ń sọ pé òòfà kò yára yí padà bíi ti òde òní rí kò tíì gbọ́ ẹjọ́ etí ìkòkò.

Ìdàrọ́ tí àwọn tó ń yọ́ bàbà dà sílẹ̀ ní Timna ní Ísírẹ́lì àti ní Faynan ní Jọ́dánì tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkìtì rẹ̀ ga, ipele lórí ipele, wọ́n sì lè mọ èyí tó ṣáájú èyí. Ron Shaar, Lisa Tauxe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òòfà agbègbè náà dé nǹkan bí ìlọ́po méjì ti òní. Ó fò sókè lọ́nà tó yá débi pé ó ṣòro fún àwọn tó ń ṣírò bí irin inú ayé ṣe ń ṣàn láti ṣàlàyé rẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán.

Ohun kan bọ́ sí i fún àwọn awalẹ̀pìtàn. Láti nǹkan bí 800 sí 400 ṣáájú ìbí Kristi, kábọ́ọ̀nù-14 tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí nǹkan kì í lè ya ọdún kan sọ́tọ̀ sí èkejì, torí ohun tí gbogbo wọn ń sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Àsìkò yẹn gan-an ni òòfà ń lọ sókè sódò. Ní 2022, Yoav Vaknin àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ohun tó jó ní ìlú àtijọ́ 17 ní Ísírẹ́lì láti fi mọ àwọn tó jó lẹ́ẹ̀kan náà àti àwọn tó jó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Jerúsálẹ́mù tí àwọn ará Bábílónì dáná sun ní 586 ṣáájú ìbí Kristi wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ìdúró wọn, torí ọdún rẹ̀ dá wọn lójú.

Ní ti gúúsù Àtìláńtíìkì fúnra rẹ̀

Ẹ̀rí tó kan agbègbè tó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn wá láti àfonífojì odò Limpopo, níbi tí Gúúsù Áfíríkà, Zimbabwe àti Botswana ti pàdé. Àwọn àgbẹ̀ tó ń sọ èdè Bantu gbé ibẹ̀ ní ìgbà tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Nígbà tí ọ̀dá bá dá tí nǹkan sì le, wọ́n máa ń dáná sun ahéré àti àká ọkà láti fi wẹ ilẹ̀ mọ́. Iná náà máa ń gbóná débi tó fi ń yan ilẹ̀ amọ̀ tó wà lábẹ́ wọn, ilẹ̀ náà kò sì kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà, nítorí náà ó mú ibi tí òòfà kọjú sí àti agbára rẹ̀ pa mọ́ pọ̀. John Tarduno àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, títí kan awalẹ̀pìtàn Thomas Huffman, tẹ àbájáde àkọ́kọ́ jáde ní 2015. Nígbà tó fi máa di 2018, Vincent Hare àti àwọn yòókù ti mú ìtàn náà lọ sẹ́yìn dé nǹkan bí ọdún 425. Wọ́n rí i pé òòfà ibẹ̀ ti yí padà lọ́nà àrà ọ̀tọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ní nǹkan bí 400 sí 450, ní 700 sí 750, àti láti 1225 sí 1550.

Ohun tó jọ ti òní ti wá rí, ó sì ti lọ rí. Òkúta tí òkè oníná pọ̀ jáde ní erékùṣù Saint Helena, láàárín agbègbè náà gan-an, tún fi kún un. Yael Engbers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Liverpool wo òkúta tó ti wà láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 sí 11 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì rí i ní 2020 pé ìwà òòfà ibẹ̀ kò dúró dáadáa nígbà yẹn pàápàá. Tarduno gbà pé òkúta gbígbóná ńlá kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, létí ibi tí irin yíyọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ló ń da ìṣàn irin rú níbẹ̀. Àbá ni, ṣùgbọ́n àbá tó bọ́gbọ́n mu ni.

Òòfà ayé ti yí bìrí rí, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn mọ́. Ní 1906, Bernard Brunhes ṣàlàyé òkúta òkè oníná kan ní Pontfarein, nílẹ̀ Faransé, tí òòfà inú rẹ̀ kọjú sí òdìkejì. Amọ̀ tí òkúta náà yan nísàlẹ̀ rẹ̀ sọ ohun kan náà, torí náà kì í ṣe pé òkúta náà ya ewèlè. Ní 1929, Motonori Matuyama ará Japan fi hàn pé ọjọ́ orí òkúta ló ń sọ ibi tí òòfà inú rẹ̀ kọjú sí. Yíyí bìrí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ti tó 773,000 ọdún, àwọn ipele ilẹ̀ tó wà ní Chiba ní Japan sì ni wọ́n fọwọ́ sí ní 2020 gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń fojú rí ààlà rẹ̀. Kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́jú, ó máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Ní nǹkan bí 41,000 ọdún sẹ́yìn, òòfà tiẹ̀ gbìyànjú rẹ̀, ó rọ̀ débi tí kò fi ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti òní lọ, ó sì tún padà sípò. Òkúta Laschamp nílẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Àwọn ènìyàn bíi tiwa wà láyé nígbà yẹn. Ní 2021, àwọn kan sọ pé ó kó wàhálà ńlá bá ojú ọjọ́ àti ẹ̀dá. Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ wọn kò gbà, èmi náà kò sì rí ẹ̀rí tó gbé ọ̀rọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ dúró.

Ìwádìí Andreas Nilsson ní Yunifásítì Lund ní 2022 ló sún mọ́ ìbéèrè wa jù. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ohun tó jó, òkúta òkè oníná àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi jọ láti fi tún ìtàn òòfà fún 9,000 ọdún tò. Ohun tó jọ ti òní jù lọ nínú rẹ̀ ni nǹkan bí 600 ṣáájú ìbí Kristi, kété lẹ́yìn ìgbà tí òòfà ti ga fíofío ní Júdà. Ìgbà yẹn, nǹkan padà bọ̀ sípò láìsí pé ó yí bìrí. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí agbègbè Àtìláńtíìkì yìí pòórá láàárín 300 ọdún. Pẹ̀lú gbogbo dídín tó ti dín, òòfà òní ṣì ga ju iye tí òkúta sọ pé ó wọ́pọ̀ láàárín mílíọ̀nù ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Èyí tó kù tó ń kọ mí lóminú ni pé púpọ̀ nínú àpáàdì tí gbogbo ìṣirò yìí dúró lé lórí wá láti Yúróòpù àti àgbègbè rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gúúsù ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i: ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin ní Korsimoro ní Burkina Faso ti sọ tirẹ̀ láti 2015. Púpọ̀ ṣì ń ṣòfò. Wọ́n á hú ilẹ̀ ààrò jíjó kan jáde, wọ́n á kó o sínú àpò, ó di pé agbára nìkan ló lè sọ. Kó tó kúrò nílẹ̀, ẹni tó ń walẹ̀ ní láti tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, kó sàmì sí ibi tí àríwá wà lórí rẹ̀, kó sì fi òjìji oòrùn wá àríwá náà, torí irin inú ilẹ̀ jíjó lè ṣi kọ́ńpáàsì lọ́nà.